Ilẹ̀ Ni Kí Á Kọ́kọ́ Bi: Yíyan Irin Gọ́ọ̀fù àti Fífi Pápá Wé Pápá

Àgbẹ̀ tó bá lọ ra ọkọ́ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ mọ̀ pé ìbéèrè kan yóò ṣáájú owó: irú ilẹ̀ wo lo fẹ́ fi ro? Ọkọ́ tí wọ́n fi ń kọ ebè nínú àkùrọ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń tu koríko lórí ilẹ̀ tó kún fún òkúta wẹ́wẹ́. Ọkọ́ tó wúwo lè bá géńdé mu kó sì dá arúgbó lápá. Kò sí ọkọ́ tó dára lásán. Èyí tó bá ilẹ̀ àti apá ẹni tó ń lò ó mu ló dára. Ọgbọ́n yìí ni mo fẹ́ mú wọ inú eré gọ́ọ̀fù, nítorí pé irin ni wọ́n fi ń gbá a, ilẹ̀ ni irin náà sì ń bá pàdé. Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù lónìí láti ra irin gọ́ọ̀fù, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà orúkọ gbajúmọ̀ tó ń lò ó, lẹ́yìn náà bí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ṣe ń jìnnà tó. Èrò mi ni pé ìbéèrè alágbẹ̀dẹ ló yẹ kó ṣáájú gbogbo ìyẹn. Kí á wọn apá ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, kí á wo ilẹ̀ tó ti máa gbá a, kí á tó dé orí orúkọ àti owó. Bákan náà, ẹni tó bá fẹ́ sọ pé pápá kan dùn ún gbá ju òmíràn lọ, kó sọ ohun tí pápá kọ̀ọ̀kan ń béèrè lọ́wọ́ irin, nítorí ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wọn wà.

Fún ẹni tí kò gbá gọ́ọ̀fù rí, ọ̀rọ̀ náà kò le. Pápá tó pé ní ihò 18. Ihò kọ̀ọ̀kan wà lórí koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ bí ẹní, tí wọ́n ń pè ní gíríìnì, ibi tí wọ́n sì ti ń bẹ̀rẹ̀ lè jìnnà sí i ní ọgọ́rùn-ún yáàdì tàbí kó ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta yáàdì lọ. Ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù níye ìgbà tó kéré jù lọ kó tó parí ihò 18 ló borí. Òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé ju ọ̀pá 14 lọ wọ pápá. Òfin yìí ti wà láti 1938 ní Amẹ́ríkà àti láti 1939 ní Ìlú Ọba. Nínú ọ̀pá 14 yìí, ọ̀kan ńlá wà fún ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní driver, ọ̀kan sì wà fún títi bọ́ọ̀lù wọ ihò, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló jẹ́ irin. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe irin kọ̀ọ̀kan. Irin kẹrin gùn, ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán, bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń fò nílẹ̀, ó sì ń lọ jìnnà. Irin kẹsàn-án kúrú, ojú rẹ̀ dà sẹ́yìn bí ẹni tó rọ̀gbọ̀kú sórí àga, bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń ga sókè, ó sì ń já lulẹ̀ lójú kan. Nǹkan bíi digírì mẹ́rin ló sábà máa ń wà láàárín irin kan àti èyí tó tẹ̀lé e. Irin ni èèyàn fi ń wá ojú gíríìnì, nítorí náà òun ló ń pinnu bóyá ìgbá kejì tàbí ìkẹta yóò sún mọ́ ihò tàbí yóò sọnù sínú igbó.

Ọ̀nà méjì gbòógì ni wọ́n ń gbà ṣe orí irin. Èkíní ni irin pẹlẹbẹ àtijọ́, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kún, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì kó jọ sí ẹ̀yìn àárín ojú rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá bá àárín yẹn pàdé, ọwọ́ yóò gbọ́ adùn rẹ̀. Bí ó bá ṣì í díẹ̀, orí irin yóò yí, bọ́ọ̀lù yóò kúrú, yóò sì yà lójú ọ̀nà. Èkejì ni irin tí wọ́n gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Karsten Solheim, ẹnjiníà tí wọ́n bí ní Norway tó sì ṣiṣẹ́ ní General Electric ní Amẹ́ríkà, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rántí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1959 ló ṣe ọ̀pá ìtibọ́ọ̀lù tí ìró rẹ̀ mú kó sọ ọ́ ní Ping, orúkọ tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ títí dòní. Ó rí i pé bí wọ́n bá gbẹ́ àárín ẹ̀yìn irin, tí wọ́n sì pín ìwọ̀n rẹ̀ sí etí rẹ̀ yíká, orí irin náà kò ní tètè yí. Èyí yóò yé ẹni tó ti fi ọ̀pá kọ́ garawa omi méjì sí èjìká rí: bí ẹrù bá wà ní ìpẹ̀kun ọ̀pá, ó ṣòro láti yí i bìrí. Nígbà tí irin Ping Eye2 jáde ní 1982, ó tà gan-an, irin tí wọ́n gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ sì di ti gbogbo ayé. Kò túmọ̀ sí pé irin pẹlẹbẹ kú. Tiger Woods, gbajúmọ̀ agbágọ́ọ̀fù Amẹ́ríkà, lo irú rẹ̀ fi gba ife ẹ̀yẹ tó pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tí bọ́ọ̀lù kì í fi ìgbà gbogbo bá àárín irin rẹ̀ pàdé, irin tó ń dárí ji ni ló tọ́ sí i. Okùn ọrùn kò yẹ adìẹ, bó ti wù kí ó jẹ́ wúrà.

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ oníbàárà lọ́nà ni nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára irin. Kò sí òfin kankan tó sọ iye digírì tí irin keje gbọ́dọ̀ jẹ́. Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ojú irin keje sábà máa ń dà sẹ́yìn ní digírì 35 tàbí 36. Lónìí, nínú ọ̀pọ̀ irin tí wọ́n ń tà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré yìí, irin keje ti wálẹ̀ dé digírì 28 sí 30. Irin karùn-ún àtijọ́ ni wọ́n kọ nọ́ńbà keje sí lára. Bí oníbàárà bá gbá a ní ṣọ́ọ̀bù, tí bọ́ọ̀lù sì jìnnà ju ti irin keje rẹ̀ àtijọ́ lọ, yóò rò pé ọgbọ́n tuntun ló rà. Àwọn tó ń ṣe é ní àwíjàre: wọ́n ní ìwọ̀n tí àwọn kó sí ìsàlẹ̀ orí irin ń gbé bọ́ọ̀lù sókè, àti pé bí àwọn kò bá dín digírì kù, bọ́ọ̀lù yóò ga jù, kò sì ní lọ síwájú. Òótọ́ ni èyí dé àyè kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àkójọ náà. Irin tó tẹ̀lé ìkẹsàn-án, tí wọ́n ń pè ní pitching wedge, ti di digírì 43 tàbí 44, nígbà tí èyí tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù jáde nínú kòtò yanrìn orí pápá ṣì wà ní 56. Digírì méjìlá tàbí mẹ́tàlá ló là wọ́n láàárín, àyè ọ̀pá méjì sì ni ìyẹn. Ẹni tó rà á yóò dé ibi tó ku ọgọ́rùn-ún yáàdì, irin kan yóò pọ̀ jù, èkejì kò ní tó. Àfikún yáàdì tó dùn mọ́ ọn ní ṣọ́ọ̀bù ti di gbèsè lórí pápá. Kí oníbàárà béèrè digírì, kó má béèrè nọ́ńbà.

Àwọn kan yóò sọ pé ara èèyàn nìkan ló yẹ kó pinnu irin tí yóò rà, ilẹ̀ kò sí níbẹ̀. Mo gbà pé ara ló ṣáájú. Gígùn ọ̀pá gbọ́dọ̀ bá ìdúró ẹni mu, àti bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe jìnnà sí ilẹ̀ tó. Ìdagun tí ọ̀pá fi wọ orí irin náà ṣe pàtàkì: bí imú irin bá ga sókè jù nígbà tó bá kan ilẹ̀, bọ́ọ̀lù ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún yóò máa yà sí òsì, bí ó bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ jù, yóò máa yà sí ọ̀tún, ẹni náà yóò sì máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi fún àṣìṣe tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀pá pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Igi hickory ni wọ́n ń lò fún ọ̀pá tẹ́lẹ̀ kí àjọ gọ́ọ̀fù Amẹ́ríkà tó fàyè gba ọ̀pá onírin ní 1924, tí àjọ R&A ti St Andrews sì gbà á ní 1929. Lónìí, ọ̀pá onírin sábà máa ń wà láàárín gíráàmù 90 sí 130, èyí tí wọ́n fi graphite ṣe sì fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí apá rẹ̀ kò yára, tàbí tí oríkèé ọwọ́ rẹ̀ ti ń dùn ún, kò yẹ kó fi ojú ìtìjú wo ọ̀pá tó fúyẹ́. Gbogbo èyí jẹ́ ti ara. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ara bá ti sọ tirẹ̀ tán, apá kan ṣì kù lára irin tí ara kò lè pinnu, ìyẹn àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ ló ni ìyẹn.

Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó bá gbá irin dáadáa, bọ́ọ̀lù ni irin rẹ̀ kọ́kọ́ ń bá pàdé, lẹ́yìn náà ló ń wọ ilẹ̀, tó sì ń bó koríko díẹ̀ níwájú ibi tí bọ́ọ̀lù wà. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ irin bá fẹ̀, tó sì wú lẹ́yìn bí ìdí ọkọ̀ ojú omi, kì í rì. Ó ń yọ̀ lórí ilẹ̀ rírọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ṣe ń léfòó. Ṣùgbọ́n ìdí wíwú yẹn kan náà, bí ó bá kan ilẹ̀ líle, yóò ta padà, ẹnu irin yóò sì gbá bọ́ọ̀lù láyà dípò kó gbá a nídìí. Orí ilẹ̀ líle, àtẹ́lẹsẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń wọlé. Gene Sarazen, ọ̀kan nínú àwọn àgbà agbágọ́ọ̀fù Amẹ́ríkà, fi èyí hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Irin ìgbà náà ń rì sínú yanrìn. Ó lẹ irin kún ìdí tirẹ̀ títí ó fi wú, ó sì fi ọ̀pá tuntun yìí gba ife Open, ìdíje ńlá Ìlú Ọba, ní pápá Prince's ní 1932. Apá rẹ̀ kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni ojú irin náà kì í ṣe ìyanu. Ìdí irin nìkan ló bá ilẹ̀ mu. Bí alágbẹ̀dẹ bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí á gbé irin wọ orí àwọn pápá tí gbogbo ayé ń fi wé ara wọn. Àgbà gbogbo wọn ni Old Course ní St Andrews, ní Scotland. Gọ́ọ̀fù ti gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Scotland tó bẹ́ẹ̀ tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ọba James Kejì fi òfin dè é ní 1457, nítorí pé ó ń gba àkókò tó yẹ kí àwọn ọkùnrin máa fi kọ́ ọfà títa. Àwọn ará St Andrews náà ló sọ pápá wọn di ihò 18 dípò 22 ní 1764, tí ayé sì tẹ̀lé wọn. Ilẹ̀ yanrìn tó wà láàárín òkun àti oko ni pápá yìí, wọ́n ń pe irú rẹ̀ ní links. Koríko rẹ̀ tín-ín-rín, ilẹ̀ rẹ̀ le, afẹ́fẹ́ òkun kì í sinmi níbẹ̀, kòtò yanrìn 112 sì lúgọ síbẹ̀ bí ìkẹ́kùn. Gíríìnì méje ibẹ̀ ni ihò méjìméjì ń pín lò, nọ́ńbà ihò méjèèjì a sì máa jẹ́ 18 bí a bá rò wọ́n pọ̀: ihò kejì pẹ̀lú ìkẹrìndínlógún, ìkarùn-ún pẹ̀lú ìkẹtàlá. Irú ilẹ̀ yìí kò fẹ́ bọ́ọ̀lù tó ń fò lọ sókè ọ̀run, nítorí afẹ́fẹ́ yóò gbé e lọ, àti pé bí ó bá já sórí gíríìnì líle, yóò ta kọjá. Bọ́ọ̀lù tó fò nílẹ̀, tó já síwájú gíríìnì, tó sì yí gbirigbiri wọlé, òun ni ibẹ̀ ń fẹ́. Irin tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹni tó mú un lè fi tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, ni ilẹ̀ náà yóò yàn.

Ìtàn Bobby Jones fi hàn bí irú pápá bẹ́ẹ̀ ṣe ń kọ́ èèyàn. Ní 1921, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, ó wá láti Georgia ní Amẹ́ríkà wá díje Open ní St Andrews. Ní abala kẹta ìdíje náà, kòtò yanrìn ihò kọkànlá mú un, ó sì fi ìbínú dá eré náà dúró. Ohun tó mọ̀ ní ilẹ̀ baba rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ó padà wá, ó kọ́ ohun tí ilẹ̀ náà ń béèrè, ó gba Open níbẹ̀ ní 1927, ó sì gba ife àwọn agbágọ́ọ̀fù tí kì í gbowó níbẹ̀ ní 1930, ọdún kan náà tó kó gbogbo ife ńláńlá mẹ́rin. Ní 1958, ìlú St Andrews fi ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú dá a lọ́lá. Àwọn kan máa ń sọ pé pápá tí èèyàn fẹ́ràn jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú lásán, pé kò sí ìdí láti jiyàn lórí rẹ̀. Ìtàn Jones ta ko ìyẹn. Ojú kan náà ló fi kórìíra St Andrews tó sì fi fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó yí padà ni òye rẹ̀ nípa ohun tí ilẹ̀ náà ń béèrè. Ìfẹ́ tó ní ìdí ṣe é ṣàlàyé, ohun tó bá sì ṣe é ṣàlàyé ṣe é kọ́.

Ohun tí Jones kọ́ níbẹ̀ ló gbé lọ sí ilé. Òun àti Alister MacKenzie, dókítà ìṣègùn tó di ayàwòrán pápá, tó sì ti ya àwòrán Old Course lẹ́sẹẹsẹ ní 1924, ni wọ́n jọ ṣe Augusta National sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń tọ́jú igi àti òdòdó tẹ́lẹ̀ ní Georgia. Ìdí nìyẹn tí ihò kọ̀ọ̀kan fi ń jẹ́ orúkọ igi tàbí òdòdó. Ìdíje Masters bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1934. Láti St Andrews ni wọ́n ti mú ọ̀nà tó gbòòrò àti gíríìnì tó lọ́ lọ́tùn-ún lósì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò jọ ilẹ̀. Òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni Augusta, ìdúró ẹni kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ́jú, omi sì wà níwájú gíríìnì tí bọ́ọ̀lù kò lè yí kọjá. Ihò kejìlá, tó jẹ́ yáàdì 155 péré, ni ẹ̀rí tó lágbára jù. Odò Rae's Creek sùn síwájú rẹ̀, gíríìnì rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, afẹ́fẹ́ sì ń yí láàárín àwọn igi. Ní 2016, Jordan Spieth tó ń ṣíwájú ju bọ́ọ̀lù méjì sómi níbẹ̀, ó lo ìgbá méje, ife sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ ìkẹyìn 2019, bọ́ọ̀lù Francesco Molinari, Brooks Koepka àti Tony Finau wọ omi náà. Tiger Woods gbá tirẹ̀ sí àárín gíríìnì, kò lépa ihò, ó sì gba ife. Irin tó ń gbé bọ́ọ̀lù ga, tó sì ń jẹ́ kó já lójú kan, ni Augusta ń fẹ́. Ẹni tó ń lò ó sì gbọ́dọ̀ mọ iye yáàdì gan-an tó lè gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀ kọjá omi. Irin tí nọ́ńbà rẹ̀ ń purọ́ yóò dójú ti ni níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni Pebble Beach ní California, tí Jack Neville àti Douglas Grant ṣe sí etí òkun Pàsífíìkì, tó sì ṣí ní 1919. Òkun wà níbẹ̀ bíi ti St Andrews, afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo gíríìnì: ọ̀kan pẹ̀lú òmíràn, wọn kò fẹ̀ ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3,500 níbùú lóròó lọ, nígbà tí èyí tí ihò karùn-ún àti ìkẹtàlá jọ ń lò ní St Andrews fẹ̀ ju 30,000 lọ. Ní St Andrews, dídé orí gíríìnì kò le. Ohun tó le ni dídé ibi tó yẹ lórí rẹ̀. Ní Pebble Beach, dídé orí rẹ̀ gan-an ni ìjàkadì. Ihò keje ibẹ̀ kò tó 110 yáàdì, síbẹ̀ bí afẹ́fẹ́ òkun bá dìde, irin tó tó fún un lánàá kò ní tó lónìí. Ní ihò kẹtàdínlógún, ní ọjọ́ ìkẹyìn US Open ti 1972, Jack Nicklaus gbá irin kìíní, irin tó ṣòro gbá jù lọ, sínú afẹ́fẹ́. Bọ́ọ̀lù náà kan igi àsíá, ó sì dúró tì í. Kì í ṣe agbára ni pápá yìí ń béèrè, bí kò ṣe irin tí èèyàn lè fọkàn tán pé bí ó ṣe lọ lánàá ni yóò lọ lónìí. Ibí ni irin tó ń dárí ji ni ti wúlò jù, nítorí àṣìṣe yáàdì márùn-ún tí gíríìnì ńlá lè gbà mọ́ra, gíríìnì kékeré kò ní gbà á.

Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ló ń sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun, ṣùgbọ́n ẹni tó dé oko gbogbo ayé gbọ́dọ̀ padà wo tirẹ̀. Gọ́ọ̀fù kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ wa. Pápá Ikoyi Club ní Èkó, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1938, wà lórí ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí ọ̀sà yí ká. Ìbàdàn sì ní tirẹ̀ lórí ilẹ̀ pupa olókè. Ní àwọn ibi tí koríko gíríìnì ti ṣòro tọ́jú, yanrìn tí wọ́n fi epo pò tí wọ́n sì tẹ́ pẹrẹsẹ ni wọ́n ń lò, tí wọ́n ń pè ní browns. Lee Elder, tó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá Masters ní 1975, ti gba ife Nigerian Open ṣáájú, ní 1971. Ní 1981, Peter Tupling, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ife kan náà ní Èkó pẹ̀lú ìgbá 255 fún ihò 72. Nígbà tí Tiger Woods gba Open Ìlú Ọba ní Hoylake ní 2006, ìgbá 270 ló lò fún iye ihò kan náà. Ta ló máa fi èyí sọ pé Tupling ju Woods lọ? Iye ìgbá kò ní ìtumọ̀ láìsí ilẹ̀ tí wọ́n ti gbá a, bẹ́ẹ̀ náà ni irin kò ní ìtumọ̀ láìsí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi gbá. Ohun tó tún yẹ kí ọmọ Yorùbá tó ń gbá gọ́ọ̀fù ṣàkíyèsí ni pé pápá méjì ló ní nínú ọ̀kan ṣoṣo. Nígbà òjò, ilẹ̀ rọ̀, bọ́ọ̀lù kì í yí, irin tẹ́ẹ́rẹ́ ń rì bí ọkọ́ nínú àkùrọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọyẹ́ bá ti gbá ilẹ̀ gbẹ, ilẹ̀ náà di bí àpáta, bọ́ọ̀lù ń sáré, irin ìdí wíwú ń ta padà. Ẹni tó ra irin rẹ̀ nínú oṣù kejì tí kò rántí oṣù keje ti ra ìdajì irin.

Àtakò tó lágbára jù tí mo mọ̀ sí èrò yìí ni pé àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ń gbé àkójọ irin kan náà yí ayé ká, wọn kì í pàrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo pápá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Ní Hoylake ní 2006 tí mo mẹ́nu kàn yẹn, oòrùn ti gbẹ ilẹ̀ náà tó bẹ́ẹ̀ tí koríko fi di àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú. Woods rí i pé kòtò yanrìn ni ewu ibẹ̀, àti pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò gbé bọ́ọ̀lù jìnnà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló lo driver nínú ihò 72. Irin gígùn ló sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, ó sì borí. Òun náà béèrè lọ́wọ́ ilẹ̀, ìdáhùn ilẹ̀ ló sì tẹ̀lé. Àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀ lè fi àkójọ kan gbá ibi gbogbo nítorí pé apá wọn lè yí irin kan sí oríṣi mẹ́ta. Ẹni tí apá rẹ̀ kò tíì mọ ọgbọ́n yẹn nílò kí ìdí irin bá a ṣe iṣẹ́ tí apá rẹ̀ kò lè ṣe. Nítorí náà àpẹẹrẹ àwọn ọ̀gá kò tako èrò mi. Ó fi hàn pé ẹni tí kò tó wọn nílò rẹ̀ jù wọ́n lọ.

Owó ni ọ̀rọ̀ tó kù. Èèyàn lè sọ pé yíyan bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó lówó, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ra irin tòkunbọ̀. Èmi rò pé tòkunbọ̀ gan-an ni ìmọ̀ yìí ti ń sanwó jù, nítorí kò sí ẹni tí yóò wọn apá oníbàárà níbẹ̀. Irin ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn tí ìlà ojú rẹ̀ kò tíì parẹ́ ṣì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Kí ẹni tó fẹ́ rà á gbé e kalẹ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú, kó wò ó bóyá ìdí rẹ̀ jókòó dáadáa tàbí imú rẹ̀ ń wo òkè. Kó lẹ bébà mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, kó gbá bọ́ọ̀lù kan lórí pákó, kó sì wo ibi tí àpá wà: bí ó bá wà ní àárín, ó bá a mu. Kó wo fífẹ̀ ìdí rẹ̀, kó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ilẹ̀ rírọ̀ tàbí líle lòun ń gbá lé jù nínú ọdún. Bí ọdún bá pín sí méjì, kí ìdí irin wà ní àárín, kì í ṣe èyí tó fẹ̀ jù tàbí èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Kó wá fi ọ̀pá inú yanrìn méjì, ọ̀kan ìdí wíwú, ọ̀kan ìdí pẹlẹbẹ, dí àlàfo tó bá kù. Kó sì bi àwọn kádì tó ń gbé àpò ní pápá rẹ̀, nítorí àwọn ló ń rin ilẹ̀ náà lójoojúmọ́, ní òjò àti ní ẹ̀ẹ̀rùn. Gbogbo ìwọ̀nyí kò ná ni ní nǹkan kan ju àkókò lọ, ó sì ṣe é ṣe kí irin tó wọ́n jù nínú ṣọ́ọ̀bù kùnà nínú gbogbo wọn.

Bí a bá wò ó báyìí, fífi pápá wé pápá kì í ṣe iyàn jíjà nípa ibi tó lẹ́wà jù. St Andrews ń béèrè pé kí bọ́ọ̀lù mọ ilẹ̀ í rìn, Augusta ń béèrè pé kó mọ òkè í fò, Pebble Beach ń béèrè pé kó mọ ibi kékeré í bà. Pápá tiwa ń béèrè ohun méjì láàárín ọdún kan, èyí tí kì í ṣe ìbéèrè kékeré. Ẹni tó bá lè sọ èwo nínú ìbéèrè yìí ni irin rẹ̀ lè dáhùn ti mọ irin rẹ̀, ó sì ti mọ ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agbágọ́ọ̀fù. Alágbẹ̀dẹ wa kò kọ ìwé kankan nípa gọ́ọ̀fù, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó ń bi àgbẹ̀ kò tíì di àtijọ́: irú ilẹ̀ wo lo fẹ́ fi ro? Kí ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti ra irin di ìdáhùn rẹ̀ lọ́wọ́ kó tó kúrò nílé.